Mi Ò Tíì Jẹun

Ọjọ́ Ajé, 9 oṣù Kẹfà

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó jí. Lójú oorun, mo gbọ́ ọ bíi pé wọ́n ń gún iyán ní ilé kejì, mo wá rántí pé Àkúrẹ́ ni mo wà, àti pé ẹ̀rọ ni àwọn ará ilé kejì fi ń gún tiwọn. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo ń fetí sí i títí ó fi di òjò pátápátá.

Nítorí ètò tuntun ni mo ṣe ra ìwé yìí. Ọ̀gá Bísọ́dún ní ọ́fíìsì wa ti fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá: Ìta-Ògbólú ní Ọjọ́bọ̀ kan, Ìjù ní Ọjọ́bọ̀ kejì, kí n máa bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ tó ń ṣara lóore. Ó ní tí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá bá pé, òun fẹ́ kí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá wọn ti yí bí wọ́n ṣe ń jẹun padà. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Inú mi ni mo ti rẹ́rìn-ín. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, n kò tíì rí ẹni tí ọ̀rọ̀ wákàtí kan gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀.

Àfi Bàbá mi. Òun ni mo fi ń ṣògo. Nígbà tí wọ́n rí ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní oṣù Kẹrin, gbólóhùn kan péré ni mo sọ fún un lórí fóònù: "Bàbá, ẹ dín oúnjẹ kù." Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ̀wálé, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Oǹdó tó ń jẹ iyán láti ìgbà tó ti hu eyín, ti pa iyán tì. Ṣùgbọ́n egbò tó wà lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jiná. Dókítà wò ó lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní bí ṣúgà náà kò bá wálẹ̀ kó tó di ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹjọ, àwọn máa gé ìka náà kó má bàa kó bá gbogbo ẹsẹ̀. Mo ti fi bírò pupa yí ọjọ́ náà po lára kàlẹ́ńdà.

Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù Kẹfà

Ìta-Ògbólú. Ìkùukùu bo ojú ọ̀nà débi pé ó dà bíi pé inú ògì ni ọkọ̀ wa ń gbà kọjá. Gbọ̀ngán ìjọ ni wọ́n fún wa lò. Ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wá. Mo gbé àwòrán abọ́ mi sókè: ìdajì rẹ̀ ẹ̀fọ́ àti èso, igun kan ẹ̀wà tàbí ẹja tàbí ẹyin, igun kan tó kù iṣu tàbí ìrẹsì. Bàbá àgbà kan ní òun ò rí iyán níbẹ̀. Mo fi igun rẹ̀ hàn án. Ó wò ó títí, ó ní ta ni wọ́n bu ìyẹn fún, ṣé ọmọ ọwọ́ ni. Gbogbo ilé dà á sí ẹ̀rín, èmi náà rín in.

Obìnrin kan dúró dè mí lẹ́yìn ìpàdé. Ó fẹ́ mọ ewé tí òun lè máa jẹ kí òun lè pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì. Mo ní n kò lè sọ ìyẹn fún un láé, ọ̀rọ̀ oúnjẹ tó kan gbogbo ayé ni mo ń sọ, oògùn tirẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ fún un. Ojú rẹ̀ fà ro. Ó ti múra, ó ti lo gèlè tuntun. Ohun tó ń dùn mí nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn: ìwòsàn ni wọ́n ń retí, àwòrán abọ́ ni mo gbé wá.

Mo wá kọ ìdáhùn wọn sínú fọ́ọ̀mù. Ìbéèrè kejì: ẹ̀ẹ̀melòó lẹ jẹun lánàá? Lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kan. Màmá Agnes, ìyá arúgbó tó jókòó síwájú pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ní òun ò tilẹ̀ jẹun rárá. Àánú wọn ṣe mí. Ṣùgbọ́n wọn ò jọ ẹni tí ebi ń pa.

Ọjọ́ Àìkú, 15 oṣù Kẹfà

Mo lọ sí Oǹdó lẹ́yìn ìsìn. Bàbá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, wọ́n ti fi aṣọ funfun wé ìka náà. Ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ti gbà á láyè jù.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Bàbá. Ẹ ti jẹun?"

"Mi ò tíì jẹun."

Bó ṣe sọ ọ́, bí ọmọ ilé ìwé tó ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ ni. Mo kí i kú ìfaradà.

Odó tí ìyá mi fi sílẹ̀ wà lẹ́yìn ilé. Kíkẹ́, ìyàwó àbúrò mi tó ń tọ́jú Bàbá, ti dojú rẹ̀ délẹ̀ látìgbà tí wọn ò ti lò ó mọ́. Adìyẹ kan ń sùn lórí ìdí rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, ìró odó bẹ̀rẹ̀ láti ilé dé ilé ní àdúgbò, ọ̀kan ń dá èkejì lóhùn, bó ṣe máa ń rí ní Oǹdó. Bàbá na ọwọ́ sí rédíò, ó yí ohùn rẹ̀ sókè.

Ó ní òun lá àlá lọ́sàn-án. Ó ní ìyá mi ń gún iyán níbì kan tí òun ò ti rí ojú rẹ̀, ìró odó nìkan ni òun ń gbọ́. "Mo ní kó bù fún mi. Ó ní kí n lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín. Kò bá mi rín in.

Ọjọ́bọ̀, 19 oṣù Kẹfà

Ìjù. Òjò. Ènìyàn mẹ́fà, ajá kan.

Ọjọ́bọ̀, 26 oṣù Kẹfà

Ìta-Ògbólú. Goodness, ọmọbìnrin tó bímọ lọ́dún tó kọjá, ní òun ti ń fún ọmọ òun lẹ́yin láti ìgbà tí mo ti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní olè ni ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin máa yà. Mo béèrè ohun tó fi dá a lóhùn. Ó ní, "Mo ní kò tíì jí nǹkan kan o, àfi oorun mi."

Ẹnì kan nínú mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Inú mi dùn débi pé mo kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀ nínú takisí.

Ìṣẹ́gun, 1 oṣù Keje

Alágbàká, ní ọ́fíìsì. Ọ̀gá Bísọ́dún tẹ́ fọ́ọ̀mù mi sórí tábìlì, ó ń fi ìka tò wọ́n.

"Lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́! Ìyáàfin Oyèbọ́lá, ìyàn ti mú níbẹ̀ yẹn o. Mo máa kọ̀wé sókè, kí wọ́n kó ìrẹsì lọ fún wọn."

"Sà, wọn ò rù o. Ara wọn ń dán."

"Ìwé ni èmi ń kà. N kì í ka ara."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù díẹ̀. Ohun kan wà nínú àwọn fọ́ọ̀mù yẹn tí kò bá mi lára mu, n kò mọ ohun náà. Ó ń fò lójú mi bí ohun téèyàn rí nínú àlá tó sì ti gbàgbé.

Ẹtì, 4 oṣù Keje

Kíkẹ́ pè láàárọ̀. Ṣúgà Bàbá ti di 271. Ní oṣù Kẹrin, 240 ni. Kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́, ó fi gbogbo ọmọ bí obìnrin.

Mo ṣe ohun tí ojú ń tì mí láti kọ síbí. Mo bi í bóyá ó ń yọ́ iyán fún Bàbá jẹ. Ó bú sẹ́kún. "Àǹtí mi, mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí, iyán ò wọ ilé yìí láti oṣù Kẹrin. Èmi gan-an ò jẹ ẹ́ mọ́, nítorí pé òórùn rẹ̀ máa ń pa wọ́n lẹ́kún."

Bàbá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, kí ló kù tí n ò tíì dín?"

Ẹ̀rù ń bà mí. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, àwọn àgbà ló wí i, èmi ni mo ń gbé àwòrán abọ́ káàkiri.

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù Keje

Mo fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo tètè dé Ìta-Ògbólú, wọn ò tíì ṣílẹ̀kùn gbọ̀ngán. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lójú ìkùukùu, gbogbo nǹkan funfun, bíi pé ẹnì kan ti fi ìyẹ̀fun wọ́n ìlú náà. Màmá Agnes pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Kùùkù àgbàdo mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Abọ́ ẹ̀kọ tó ti tán wà lórí àga, ewé mọ́ínmọ́ín méjì wà nínú rẹ̀. Epo dòdò ṣì ń dán létè rẹ̀.

"Ẹ kúùjókòó, Màmá. Ẹ ti jẹun?" Kíkí lásán ni.

"Mi ì tíì jẹun, ọmọ mi. Agnes ṣì wà lóko. Tó bá dé ulé, á gún uyán."

Mo wo kùùkù. Mo wo ewé. Mo wo ẹnu rẹ̀.

"Màmá, àgbàdo yìí ńkọ́? Mọ́ínmọ́ín ńkọ́?"

"Hẹ̀n-ẹ́n, ìyẹn náà lonjẹ?" Ó fi ọ̀pá gbálẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Uyán lonjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Àwọn tó bí ọ ò sọ fún ọ ni?"

Wọ́n sọ fún mi. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n. Nílé wa, ẹni tó jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà láàárọ̀ tó sì jẹ bọ̀ọ̀lì lọ́sàn-án, tí ìyá mi bá bi í ní ìrọ̀lẹ́, á ní òun ò tíì jẹun, ìyá mi á sì káàánú rẹ̀. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ọdún mẹ́rìnlá àwòrán abọ́ ló fọ ọ́ kúrò lórí mi.

Fọ́ọ̀mù mi kò purọ́, àwọn náà kò purọ́. Iyán ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n kà fún mi.

Mo ti fẹ́ máa bá a rẹ́rìn-ín kí n tó gbọ́ ohùn ara mi nínú fóònù, ní oṣù Kẹrin: Bàbá, ẹ dín oúnjẹ kù. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kùùkù àgbàdo.

Ẹtì, 11 oṣù Keje

Oǹdó. N kò bi Bàbá bóyá ó ti jẹun. Mo bi í pé kí ló kan ẹnu rẹ̀ láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́ lánàá. Ó ní kí Kíkẹ́ mú bírò wá. Ó kọ ọ́ ní ọwọ́ ọ̀gá ilé ìwé, gbogbo àmì ohùn wà lórí rẹ̀.

Ìdajì búrẹ́dì pẹ̀lú tíì oníṣúgà, kí oògùn má bàa bá inú òfìfo. Àgbàdo sísè mẹ́rin, nítorí pé àsìkò rẹ̀ nìyí. Bọ̀ọ̀lì méjì. Máàtìnì ẹlẹ́rìndòdò ìgò kan, kí ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀ lára. Gúgúrú. Ògì alẹ́ pẹ̀lú ṣúgà ṣíbí mẹ́ta, kó lè rí oorun sùn. Ó ní nígbàkúùgbà tí iyán bá ti wá sí òun lọ́kàn, òun á tètè fi nǹkan mìíràn dí ẹnu òun.

"Ìwọ lo ní kí n dín oúnjẹ kù," ó ní. "Mo dín in kù. Mo pa á tì."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, èmi ni mo ṣì í sọ." Mo ṣàlàyé fún un, mo ń sọkún lọ bí mo ṣe ń ṣàlàyé. Oṣù mẹ́ta ni Bàbá mi ti fi ebi iyán pa ara rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ mi, tí ṣúgà ń gba ẹnu ọ̀nà mìíràn wọlé.

Àwọn ará ilé kejì ń gúnyán. Bàbá ní, "Ọmọ tí mo kọ́ ní Yorùbá ló wá fi Yorùbá ṣe mí báyìí." Ó wá rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, n kò sì mọ ibi tí ẹ̀rín náà parí sí.

Ọjọ́ Ajé, 14 oṣù Keje

Mo tẹ̀ lé Bàbá àti Kíkẹ́ lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń rí sí oúnjẹ àwọn aláìsàn ní ọsíbítù. Mo mú ìwé tí Bàbá kọ lọ́wọ́, mo sì pa ẹnu mi mọ́. Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó ń bá ìlú sọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ẹni tó ń wọn oúnjẹ fún aláìsàn, èmi ni mo gbàgbé rẹ̀ lórí fóònù.

Obìnrin náà kà á láti òkè délẹ̀. Ó ní kí ṣúgà àti máàtìnì dúró ná, ó wọn búrẹ́dì, ó wọn àgbàdo. Ó ní tí ṣúgà bá ti wálẹ̀ dáadáa, Bàbá lè jẹ iyán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, èyí tí kò ju ìkúùkù ọwọ́ rẹ̀ lọ, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rẹpẹtẹ. Bàbá di ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sókè, ó ń wò ó.

"Kí Ọlọ́run tilẹ̀ ti dá ọwọ́ mi tóbi ju báyìí lọ," ó ní.

Ọjọ́bọ̀, 17 oṣù Keje

Ìjù. N kò gbé àwòrán abọ́ sókè. Mo ní kí wọ́n sọ ohun tó kan ẹnu wọn lánàá fún mi, láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́. Bàbá àgbẹ̀ kan ka nǹkan méjìdínlógún, àwọn obìnrin ń bá a kà á, wọ́n ń rán an létí ẹ̀pà tó jẹ nínú ọkọ̀. Ẹnu ya òun fúnra rẹ̀. Ó ní, "Kí ni mo wá ń wá nínú uyán nígbà náà?" Wọ́n jíròrò rẹ̀ láàárín ara wọn títí òjò fi dá.

Ìṣẹ́gun, 22 oṣù Keje

Mo sọ fún Ọ̀gá Bísọ́dún pé fọ́ọ̀mù oṣù Kẹfà kò wúlò, mo sì sọ ìdí rẹ̀. Mo sọ ti Bàbá pẹ̀lú. Ó ká ìwé ìrẹsì tó ti ń kọ, ó fi í sínú dúrọ́ọ̀.

"Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá wá ńkọ́?"

"Sà, ẹni mẹ́ta ni mo mọ̀ dájú. Goodness tó ń fún ọmọ rẹ̀ lẹ́yin, ọkùnrin kan ní Ìjù tó ti yọ ṣúgà kúrò nínú tíì rẹ̀, àti ìyá kan tó ń fi kún ẹ̀fọ́."

"Mẹ́ta péré?"

"Ẹnu dùn ún ròfọ́, sà. Ọ̀rọ̀ wákàtí kan lè mú kí èèyàn bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan tó bá délé. Èyí tó bá ju ìyẹn lọ, ẹ̀bùn ni."

Ó kọ "ẹ̀bùn" sínú ìwé rẹ̀, ó fagi lé e, ó kọ "3". Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn.

Àbámẹ́ta, 2 oṣù Kẹjọ

Iṣu tuntun ti wọ ọjà, ó gbówó lórí, kò sì tíì ṣeé gún. Kíkẹ́ pè: 203. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo kàn ń wo bí ìkùukùu ṣe ń ká kúrò lórí òkè.

Ọjọ́bọ̀, 7 oṣù Kẹjọ

Ìgbà ìkẹyìn ní Ìta-Ògbólú. Màmá Agnes gbá ọwọ́ mi mú. Ó ní kí inú mi dùn, òun ti jẹ ẹ̀wà láàárọ̀, òun ti jẹ ẹ̀fọ́, òun ti jẹ ọsàn. Mo ní, "Màmá, ẹ ti jẹun dáadáa nìyẹn."

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé. "Mi ì tíì jẹun, ọmọ mi."

Ọjọ́ Àìkú, 17 oṣù Kẹjọ

Mo lá àlá ìyá mi ní ìdájí. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó tó dojú délẹ̀, kò bá mi sọ̀rọ̀, kò bínú. Adìyẹ náà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin sí ọjọ́ tí mo fi bírò pupa yí po.

Ọjọ́bọ̀, 21 oṣù Kẹjọ

168. Dókítà bọ Bàbá lọ́wọ́, ó ní ó ṣe iṣẹ́ takuntakun. Ó wá tú aṣọ ìka náà. Ó ní ẹsẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ewu, ẹran ara rẹ̀ ti ń yá. Ṣùgbọ́n ọmọ ìka yẹn ti kú kí ṣúgà tó wálẹ̀, kò sí ohun tó lè jí i mọ́. Wọ́n gé e lọ́sàn-án yìí.

Mo jókòó ní kọ́rídọ̀, mo ń ka oṣù lórí ìka ọwọ́ mi. Kẹrin, Karùn-ún, Kẹfà, títí dé Keje. Oṣù tèmi ni. Kò sí bí mo ṣe lè kà á kó di ti ẹlòmíràn.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí n wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, n kò mọ ìgbà tí mo ṣe é. "Bàbá, ẹ forí jì mí."

Oorun ṣì wà lójú rẹ̀. Ó wo ìdí bẹ́ẹ̀dì, níbi tí wọ́n ti fi báńdéèjì wé ẹsẹ̀ náà.

"Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá," ó ní. "Nílé ìwé mi, èèyàn ti yege nìyẹn. Dìde nílẹ̀."

Ọjọ́ Àìkú, 31 oṣù Kẹjọ

N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ara mi gbóná díẹ̀. Mo sùn padà lẹ́yìn tíì, òjò sì tún bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ ọ bíi pé wọ́n ń gún iyán. Mo ní lọ́kàn mi pé òjò ni, kí n má tan ara mi jẹ. Àṣé fóònù ló wà létí mi. N kò tilẹ̀ rántí pé mo gbé e. Kíkẹ́ ló pè, kò sọ̀rọ̀, ẹ̀bá odó ló gbé tirẹ̀ sí.

Mo ka ìró ọmọ odó. Kò pé ogún tó fi dákẹ́. Iṣu inú rẹ̀ ò pọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó pẹ́ díẹ̀. Mo ń gbọ́ omi tí wọ́n fi ń fọwọ́, mo ń gbọ́ adìyẹ tí kò níbi tó máa sùn sí mọ́. Mo gbọ́ èémí Bàbá nínú fóònù, mo sì ti la ẹnu láti bi í.

"Oyèbọ́lá," ó ní. "Mo ti jẹun."

"Bàbá, ṣé ó tó yín?"

"Kò tó," ó ní. "Ṣùgbọ́n mo ti jẹun."